Ẹlẹ́rìí Inú Ìfun: Áńtíbọ́dì tí A Fi Ń Wá Lactase, àti Ohun tí Ó Kàn Wá Níbẹ̀

Ẹ̀yin ará Òjòkú, àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Nítorí náà, ibi tí mo bá ti ṣì í sọ, mo bẹ̀ yín kí ẹ bá mi tọ́ ọ, ibi tí mo bá sì ti sọ ọ́ re, kí ẹ fi ṣe ogún fún àwọn ọmọ.

Ohun tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí kéré lójú, ṣùgbọ́n ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹẹ́fà, ó ju èje lọ. Ìgò kan ni, tí kò gùn tó ọmọ-ìka ọwọ́, tí omi inú rẹ̀ kò kún ṣíbí ìmutíì kan, tí àwọn oníṣẹ́ ìwádìí ń tọ́jú sínú ẹ̀rọ amóhun-dì, tí wọ́n sì kọ ọ́ sí ara rẹ̀ pé ìwádìí nìkan ni kí a fi í ṣe, kí ẹnikẹ́ni má fi tọ́jú aláìsàn. Áńtíbọ́dì ni ó wà nínú omi náà, iṣẹ́ kan ṣoṣo tí a sì rán an ni pé kí ó wá púrótéènì kan tí ń jẹ́ lactase rí nínú ìfun ènìyàn, kí ó dì mọ́ ọn, kí ó sì tọ́ka sí ibi tí ó wà. Bí ẹnìkan bá ń bi ara rẹ̀ léèrè pé kí ni ti Òjòkú nínú èyí, mo bẹ̀ ẹ́ kí ó ní sùúrù, nítorí pé ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ yìí gbà, ọjà wa ni ó ti bẹ̀rẹ̀.

Kò sí ẹni tí kò mọ wàrà ní ilẹ̀ Ìbọ̀lọ́ àti ní gbogbo ìpínlẹ̀ Kwara. Àwọn ìyá Fúlàní ni ó ń gbé e ti gáà wọn wá sí ọjà: wọ́n á fún mílíìkì lára màlúù ní òwúrọ̀, wọ́n á gbé e ka iná tí kò pọ̀, wọ́n á gún ewé bọmubọmu, wọ́n á fún omi rẹ̀ sí i, títí mílíìkì náà yóò fi dì, tí omi rẹ̀ yóò sì yà sọ́tọ̀, lẹ́yìn náà ni wọ́n á bù ú sínú agbọ̀n kékeré kí omi náà lè ro dànù, èyí tí wọ́n bá sì fẹ́ kí ó pupa, wọ́n á fi pòròpórò ọkà bàbà sè é. Bí a bá ra wàrà yìí, tí a dín in, tí a jẹ ẹ́, inú wa kì í sábà yọ wá lẹ́nu. Ṣùgbọ́n bí ọ̀pọ̀ nínú àwa àgbà bá da ife ńlá mílíìkì tútù kan sọ́fun, kì í pẹ́ tí inú yóò fi máa kùn, tí ikùn yóò wú, tí ẹlòmíràn yóò sì máa sáré lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Darandaran Fúlàní tí ó ń gba ẹ̀yìn oko wa kọjá, ẹ̀wẹ̀, yóò mu mílíìkì igbá kan tán, yóò nu ẹnu, yóò sì tẹ̀lé ẹran rẹ̀ lọ ní àlàáfíà. Àwọn baba wa rí èyí, wọ́n sì gbà pé bí a ti bí oníkálùkù ni. Òtítọ́ ni wọ́n sọ. Ohun tí ó kù ni pé kí a mọ ibi tí òtítọ́ náà fìdí kalẹ̀ sí nínú ara.

Ṣúgà kan wà nínú mílíìkì tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ lactose. Nínú mìlílítà 100 mílíìkì màlúù, ó tó bíi gíráàmù 5; nínú ti omi ọyàn ìyá ènìyàn, ó tó bíi gíráàmù 7. Ìfun kò lè gba ṣúgà yìí wọ inú ẹ̀jẹ̀ bí ó ti wà, àfi bí a bá là á sí méjì, kí ìdá kan rẹ̀ di glucose, kí ìdá kejì di galactose. Lactase ni a sì yan iṣẹ́ lílà yìí fún. Ògiri ìfun kékeré kì í ṣe ohun tí ó dán. Irun wẹ́wẹ́ ni ó hù sí i lára, sẹ́ẹ̀lì ni ó bo irun kọ̀ọ̀kan, awọ orí sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan tí ó kọjú sí oúnjẹ sì tún hu irun mìíràn tí ojú lásán kò lè rí, nítorí pé gíga rẹ̀ kò ju bí ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mìlímítà kan lọ. Inú awọ yìí gan-an ni lactase fìdí mọ́: ìrù rẹ̀ wà nínú sẹ́ẹ̀lì, ó gún awọ já, ara rẹ̀ yòókù, èyí tí ó pọ̀ jù, sì yọ síta sí ibi tí oúnjẹ ń gbà kọjá. Bí ó bá ṣọ̀wọ́n níbẹ̀, lactose yóò kọjá lọ sí ìfun ńlá láìlà, yóò fa omi mọ́ra, àwọn kòkòrò tí ń gbé ibẹ̀ yóò sì sọ ọ́ di afẹ́fẹ́. Ibẹ̀ ni inú kíkùn, ikùn wíwú àti ìgbẹ́ gbuuru ti ń wá. Wàrà kì í ṣe wá bẹ́ẹ̀ nítorí pé omi tí ó ro dànù láti inú agbọ̀n ni ó gbé èyí tí ó pọ̀ jù nínú ṣúgà náà lọ. Nọ́nọ̀ tí ó ti kan pẹ̀lú, àwọn kòkòrò inú rẹ̀ ti jẹ nínú ṣúgà náà kí ó tó dé ẹnu wa.

Kí ó tó di pé a já ọmọ lẹ́nu ọmú, ìbáà ṣe ọmọ Yorùbá tàbí ọmọ Fúlàní, lactase pọ̀ nínú ìfun rẹ̀, àfi àwọn ọmọ díẹ̀ gan-an láyé tí a bí láìní i. Ìgbà tí ọmọ bá kúrò lẹ́nu ọmú ni ọ̀nà ń yà: nínú ọ̀pọ̀ ènìyàn, lactase á máa dínkù títí yóò fi ṣẹ́kù díẹ̀; nínú àwọn mìíràn, kò ní dínkù títí di ọjọ́ ogbó. Bíi méjì nínú mẹ́ta àgbàlagbà ayé ni ó wà ní ẹgbẹ́ àkọ́kọ́, nítorí náà, ẹni tí mílíìkì kì í dà nínú rẹ̀ kì í ṣe aláìsàn, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ẹni tí ẹnikẹ́ni sà sí.

Ọ̀kan lára àwọn tí ó kọ́kọ́ fi ọgbọ́n ìwádìí wo ọ̀rọ̀ yìí láàárín wa ni Olikoye Ransome-Kuti, akọni oníṣègùn ọmọdé, ẹni tí a bí ní Ìjẹ̀bú-Òde ní ọdún 1927, tí ó di mínísítà ètò ìlera Nàìjíríà láti ọdún 1985 títí di 1992. Òun àti Norman Kretchmer ti Yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà, pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, ni wọ́n pa ìmọ̀ pọ̀, tí wọ́n sì tẹ iṣẹ́ wọn jáde nínú ìwé ìṣègùn The Lancet ní ọdún 1971. Wọ́n po lactose mọ́ omi, wọ́n fún àwọn ènìyàn mu, wọ́n sì ń wọn ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wọn: bí ṣúgà ẹ̀jẹ̀ bá gòkè, a jẹ́ pé lactase ṣe iṣẹ́ rẹ̀, bí kò bá gòkè, a jẹ́ pé iṣẹ́ náà kò di ṣíṣe. Nínú àwọn Yorùbá àti Ígbò tí wọ́n ti kúrò ní ọmọ ọwọ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo wọn ni lactose kì í dà nínú wọn. Nínú àwọn Fúlàní darandaran, ọ̀pọ̀ jù lọ ni ó ń dà nínú wọn. Ní ọdún 1975, wọ́n tún tẹ òmíràn jáde lórí àwọn ìdílé, nínú èyí tí wọ́n ti rí i pé bí mílíìkì kì í bá dà nínú bàbá, tí kì í dà nínú ìyá, kì í dà nínú ọmọ wọn, ṣùgbọ́n bí ọ̀kan nínú àwọn òbí bá jẹ́ ẹni tí ó ń dà nínú rẹ̀, ọmọ lè jogún rẹ̀ lọ́dọ̀ ẹni kan ṣoṣo yìí. Báyìí ni ọ̀rọ̀ àwọn baba wa, pé bí a ti bí oníkálùkù ni, ṣe di ohun tí ìwé ìmọ̀ jẹ́rìí sí.

Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ apá jìnnà sí ògiri ìfun. Àyẹ̀wò tí Ransome-Kuti ṣe ní Èkó sọ fún wa pé iṣẹ́ kan kò di ṣíṣe. Kò sọ ìdí rẹ̀. Ṣé ara kò ṣe lactase rárá ni? Ṣé ó ṣe é, ṣùgbọ́n ó ń sùn lẹ́nu iṣẹ́? Ṣé ó há sínú sẹ́ẹ̀lì tí kò dé orí awọ tí ó yẹ kí ó fìdí mọ́? Bí ó bá sì dínkù, ṣé gbogbo sẹ́ẹ̀lì ni ó dínkù nínú wọn bákan náà, tàbí àwọn kan ní i tí àwọn kan kò ní i? Agbọ́-ẹjọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹjọ́ tí ó bá ta kókó báyìí ń fẹ́ ẹlẹ́rìí tí ọ̀rọ̀ náà ṣojú rẹ̀. Áńtíbọ́dì ni ẹlẹ́rìí tí àwọn onímọ̀ pè.

Áńtíbọ́dì kì í ṣe àjèjì sí ara wa. Púrótéènì ni òun náà, tí ẹ̀jẹ̀ ènìyàn àti ti ẹranko ń ṣe nígbà tí ohun tí kì í ṣe tirẹ̀ bá wọlé tọ̀ ọ́ wá. Ọwọ́ méjì ni ó ní, ọwọ́ méjèèjì sì bá ìrísí ohun tí ó wọlé náà mu débi pé yóò di òun nìkan mú, yóò sì jẹ́ kí ẹgbàágbèje mìíràn kọjá. Ní ọdún 1890, Emil von Behring àti Shibasaburo Kitasato fi hàn ní Berlin, ní ilẹ̀ Jámánì, pé omi ẹ̀jẹ̀ ẹranko tí ó ti bá oró àrùn ìpá jà rí lè gba ẹranko mìíràn lọ́wọ́ oró náà. Ní ọdún 1961, ní orílẹ̀-èdè Gáńbíà, Cohen, McGregor àti Carrington yọ àwọn áńtíbọ́dì láti inú ẹ̀jẹ̀ àwọn àgbàlagbà ilẹ̀ náà tí wọ́n ti bá ibà ẹ̀fọn dàgbà, wọ́n fi tọ́jú àwọn ọmọdé tí ibà ń ṣe, kòkòrò ibà inú ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ náà sì dínkù gidigidi. Nígbà tí ó di ọdún 1962, Edozien, Gilles àti Udeozo tẹ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ jáde láti Ìbàdàn, pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ Nàìjíríà. Ẹ rí i nígbà náà pé ẹ̀jẹ̀ àwọn òbí wa wà lára ohun tí ayé fi kọ́ ẹ̀kọ́ yìí.

Bí a bá fẹ́ áńtíbọ́dì tí yóò mọ lactase, a ó fún ehoro tàbí eku ní abẹ́rẹ́ lactase ènìyàn, a ó dúró fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ara rẹ̀ yóò sì ṣe é. Ṣùgbọ́n oríṣiríṣi ni ohun tí ẹ̀jẹ̀ ẹranko náà yóò ṣe, àwọn kan yóò mọ orí lactase, àwọn kan yóò mọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, bí ẹranko náà bá sì kú, ohun tí a ní ti tán. Ní ọdún 1975, Georges Köhler àti César Milstein, ní Cambridge ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, so sẹ́ẹ̀lì eku tí ń ṣe áńtíbọ́dì pọ̀ mọ́ sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ tí kì í kú, tó fi jẹ́ pé àsopọ̀ náà ń ṣe áńtíbọ́dì kan ṣoṣo, irú kan náà, láìdáwọ́dúró. Ẹ̀bùn Nobel tí a fún wọn ní ọdún 1984, pẹ̀lú Niels Jerne, tọ́ sí wọn. Láti inú ọgbọ́n yìí ni Hans-Peter Hauri, Erwin Sterchi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ti ṣe àwọn áńtíbọ́dì tí ó mọ lactase àti àwọn púrótéènì mìíràn tí wọ́n fìdí mọ́ awọ kan náà, tí wọ́n sì tẹ̀lé wọn nínú sẹ́ẹ̀lì láti ibi tí a ti ń ṣe wọ́n títí dé orí awọ, nínú iṣẹ́ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 1985.

Ẹ jẹ́ kí a sún mọ́ ọn kí a wo bí ẹlẹ́rìí yìí ti ń rojọ́. Láti ọdún 1957 ni William Crosby ti ṣe ohun èlò kékeré kan tí ènìyàn lè gbé mì, tí okùn oníhò tẹ́ẹ́rẹ́ kan so mọ́. Bí ó bá dé ìfun, a ó fa afẹ́fẹ́ inú okùn náà, abẹ yóò sì gé bíńtín lára ògiri ìfun. Èyí tí a gé yìí ni a ó fi ìda bò, a ó rẹ́ ẹ pẹlẹbẹ títí ìmọ́lẹ̀ yóò fi lè là á kọjá, a ó tẹ́ ẹ sórí gíláàsì, a ó sì kán omi áńtíbọ́dì sí i. Áńtíbọ́dì yóò wá lactase kiri, yóò dì mọ́ ọn. Èyí tí kò rí nǹkan dì mú, a ó fi omi fọ̀ ọ́ dànù. Lẹ́yìn náà ni a ó kán áńtíbọ́dì kejì, tí iṣẹ́ tirẹ̀ jẹ́ láti di ti àkọ́kọ́ mú, tí a sì ti so ohun kan mọ́ tí ń sọ èròjà aláìláwọ̀ di aláwọ̀ ilẹ̀. Bí a bá wá fi ojú sí maikirosíkóópù, ní ìfun ẹni tí lactase pọ̀ nínú rẹ̀, a ó rí ìlà aláwọ̀ ilẹ̀ kan tí ó ṣú dáadáa, tí ó tẹ̀lé etí irun ìfun lọ láìjá, lórí awọ gan-an tí ó kọjú sí oúnjẹ.

Bí ìfun bá sì jẹ́ ti ẹni tí mílíìkì kì í dà nínú rẹ̀ ńkọ́? Lẹ́yìn àyẹ̀wò púpọ̀, ẹlẹ́rìí náà jẹ́ kí a mọ̀ pé, nínú ọ̀pọ̀ jù lọ wọn, lactase kò sùn lẹ́nu iṣẹ́. Púrótéènì náà fúnra rẹ̀ ni ó ṣọ̀wọ́n. Nígbà tí ó sì di ọdún 1991, àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Ítálì kan tí Maiuri ṣáájú wọn rí ohun tí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kò lè fi hàn láéláé: lórí irun ìfun kan náà, nínú àgbàlagbà tí lactase rẹ̀ ti dínkù, wọ́n rí sẹ́ẹ̀lì kan tí ìlà aláwọ̀ ilẹ̀ wà lórí rẹ̀ kedere, wọ́n sì rí aládùúgbò rẹ̀ tí kò ní ohunkóhun. Dídínkù náà kì í ṣe ti gbogbo sẹ́ẹ̀lì lọ́gbọọgba; àwọn kan ń ṣe lactase, àwọn kan ti ṣíwọ́. Nípa èyí ni ọ̀rọ̀ fi kúrò lórí ìfun lápapọ̀, tí ó di ti ohun tí ń pàṣẹ fún sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan láti inú jíìnì rẹ̀. Ní ọdún 2002, àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Finland, Enattah àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, rí ìyípadà lẹ́tà kan ṣoṣo nínú DNA, níwájú jíìnì lactase ní ìwọ̀n lẹ́tà 13,910, tí ó bá agbára àtimu mílíìkì títí di ọjọ́ ogbó rìn. Ìyípadà kan náà yìí ni a sì ti rí lára àwọn Fúlàní. Ní ọdún 2007, Sarah Tishkoff àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí àwọn ìyípadà mìíràn láàárín àwọn darandaran Kẹ́ńyà, Tàǹsáníà àti Sùdáánì. Ọ̀nà kan ò wọjà: àwọn tí ń da ẹran, níbi tí wọ́n wà káàkiri ayé, ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ara wọn gbà dé ibi kan náà.

Nísinsìnyí mo dé ibi tí ó mú mi gba iṣẹ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí. Ẹlẹ́rìí tí a fi dá irú ẹjọ́ ńlá bẹ́ẹ̀, ta ni ó dán an wò? Ní ààfin ọba, bí ẹnìkan bá jáde wá pé ọ̀rọ̀ ṣojú òun, a kì í dájọ́ lọ́gán. A ó béèrè ibi tí ó dúró sí, a ó béèrè bí ó bá mọ ẹni tí ó ń wí yàtọ̀ sí àbúrò onítọ̀hún, a ó pe ẹlòmíràn tí kò bá a gbìmọ̀, kí a tó gbà. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó yẹ kí a ṣe sí áńtíbọ́dì, nítorí pé áńtíbọ́dì lè ṣìnà. Ó lè di púrótéènì tí ó jọ lactase mú, bí ó ti rí ní ti èyí tí jíìnì tí wọ́n ń pè ní LCTL ń ṣe, tí ó jẹ́ ìbátan rẹ̀. Àwọ̀ ilẹ̀ yóò sì yọ níbi tí kò yẹ kí ó yọ. Ní ọdún 2015, Andrew Bradbury àti Andreas Plückthun kọ̀wé sínú ìwé ìmọ̀ Nature, pẹ̀lú ìfọwọ́sí àwọn onímọ̀ tí wọ́n ju ọgọ́rùn-ún lọ, wọ́n sì ṣírò rẹ̀ pé nínú bíi bílíọ̀nù 1.6 dọ́là tí ayé ń ná lórí áńtíbọ́dì ìwádìí lọ́dọọdún nígbà náà, bí ìdajì ni ó ń bá áńtíbọ́dì burúkú ṣègbé. Owó nìkan kọ́ ni ó ń ṣègbé. Ọdún ọmọ ilé-ìwé tí ó gba ẹ̀rí èké gbọ́ ń ṣègbé pẹ̀lú, àwọn tí yóò ka ìwé rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀la yóò sì máa kọ́lé sórí ìpìlẹ̀ tí kò sí.

Ní ọdún 2016, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ kan tí Mathias Uhlén ti ilẹ̀ Sweden wà lára wọn là ọ̀nà márùn-ún sílẹ̀ tí a lè gbà dán ẹlẹ́rìí yìí wò. Èkíní, ẹ yọ jíìnì lactase kúrò nínú sẹ́ẹ̀lì, kí ẹ tún kán áńtíbọ́dì náà sí i: bí àwọ̀ bá ṣì yọ, irọ́ ni ó ń pa. Èkejì, ẹ fi ọ̀nà tí kò lo áńtíbọ́dì wọn lactase náà, bí ẹni tí ó wọn agbára tí ìfun náà ní láti la lactose, kí ẹ wò ó bóyá wọ́n jọ ń gòkè, wọ́n jọ ń sọ̀kalẹ̀. Ẹ̀kẹta, ẹ pe áńtíbọ́dì mìíràn tí ó mọ ibòmíràn lára lactase, kí ẹ wò ó bóyá ibi kan náà ni àwọn méjèèjì tọ́ka sí. Ẹ̀kẹrin, ẹ jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì ṣe lactase tí ẹ ti so àmì mọ́ lára, kí ẹ wò ó bóyá ibi tí àmì wà ni áńtíbọ́dì lọ. Ẹ̀karùn-ún, ẹ kó ohun tí áńtíbọ́dì náà mú jọ, kí ẹ fi ẹ̀rọ wọ̀n ọ́n kí ẹ mọ ohun tí ó jẹ́ gan-an. Mo sì fi ọ̀kan kún un tí ó jẹ́ ti ìfun nìkan: púrótéènì kan wà lórí awọ kan náà tí ń la ṣúgà ìrèké, sucrase ni wọ́n ń pè é, kì í sì í dínkù nígbà tí lactase bá dínkù. Bí a bá kán áńtíbọ́dì sucrase sórí ìrẹ́pẹ́ ìfun kejì tí àwọ̀ rẹ̀ sì yọ dáadáa, a mọ̀ pé ìfun náà wà ní pípé, pé lactase ni ó ṣọ̀wọ́n, kì í ṣe pé a ba ìrẹ́pẹ́ náà jẹ́ nígbà tí a ń tọ́jú rẹ̀. Bí irọ́ bá lọ ní ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Iṣẹ́ àyẹ̀wò wọ̀nyí ni láti mú ọjọ́ náà yá, kí ogún ọdún má baà ṣòfò.

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́mọ, ẹ jẹ́ kí n yà sí ọ̀dọ̀ yín díẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà gbé ọ̀rọ̀ mi gba ibi tí n kò rán an. Ohun gbogbo tí mo sọ nípa mílíìkì tí kì í dà nínú ẹni, àgbà ni mo ń bá wí. Ọmọ ọwọ́ ní lactase rẹ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀, omi ọyàn sì ni oúnjẹ rẹ̀. Bí ó bá tilẹ̀ ń yàgbẹ́ gbuuru, ẹ má ṣe gba ọmú lẹ́nu rẹ̀, ẹ máa fún un ní omi iyọ̀ àti ṣúgà tí Ransome-Kuti fi ọ̀pọ̀ ọdún wàásù rẹ̀ ní Nàìjíríà, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ̀yin àgbà tí mílíìkì ń dà láàmú, kò sí ohun tí ó ní kí ẹ fi tipátipá mu ún nítorí pé ìpolówó inú rédíò ní mílíìkì ni ó ń mú egungun le. Ọ̀pọ̀ nínú yín lè mu ife kan pẹ̀lú oúnjẹ kí nǹkankan má ṣe yín. Ẹni tí kò bá lè ṣe bẹ́ẹ̀, wàrà àti nọ́nọ̀ wà, ẹja tí a jẹ teegunteegun wà, ẹ̀fọ́ wà. Ọgbọ́n tí àwọn ìyá Fúlàní ti ń fi bọmubọmu àti agbọ̀n ṣe, ohun tí yàrá àyẹ̀wò wá fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ lẹ́yìn ni.

Níkẹyìn, mo kọjú sí ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé. Ọdún 1975 tí a kọ́ ayé ní ọgbọ́n áńtíbọ́dì kan ṣoṣo, ọdún náà ni a dá Yunifásítì Ìlọrin sílẹ̀. Ara wa ni Ransome-Kuti fi ṣe ìwádìí ní Èkó, ó sì ṣe é ní ilẹ̀ wa. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó kan pé kí a pe ẹlẹ́rìí inú ìfun, ilẹ̀ òkèèrè ni a ti pè é, ìfun àwọn ará òkèèrè ni wọ́n sì kọ́kọ́ fi í wò. Ojú olójú kò jọ ojú ẹni. Àwọn ìbéèrè kan wà tí ẹni tí ó jẹ wàrà dàgbà ni yóò rántí láti béèrè: kí ni ìfun àwọn Fúlàní tí wọ́n ti fi ẹran dídà sílẹ̀, tí wọ́n ti fẹ́ Yorùbá, tí wọ́n sì ń gbé àárín wa láti ìran dé ìran, yóò fi hàn lábẹ́ maikirosíkóópù? Kí ni ìgbẹ́ gbuuru léraléra ń ṣe sí awọ ìfun ọmọ abúlé kí ó tó di pé ọjọ́ orí dín lactase rẹ̀ kù? Àwọn wọ̀nyí kì í ṣe ìbéèrè tí a ń dúró de ẹlòmíràn kí ó bá wa béèrè.

N kò sọ pé ó rọrùn. Ọ̀pọ̀ áńtíbọ́dì ń fẹ́ òtútù tí ó tó ìwọ̀n ogún nísàlẹ̀ òdo lórí Celsius, iná mànàmáná wa sì ń lọ, ó ń bọ̀. Ìgò kan tí ó bá ṣe lọ́nà láti òkè òkun lè ti bàjẹ́ kí ó tó dé. Ṣùgbọ́n ohun tí Bradbury àti Plückthun bèèrè ní ọdún 2015 ṣí ilẹ̀kùn kan sílẹ̀ fún irú wa: wọ́n ní kí a kọ ìtòlẹ́sẹẹsẹ áńtíbọ́dì kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ ní lẹ́tà jíìnì, kí ẹnikẹ́ni tí ó bá ní àkọsílẹ̀ náà lè fi sẹ́ẹ̀lì ṣe é ní yàrá àyẹ̀wò tirẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ehoro ń tán, sẹ́ẹ̀lì eku lè kú, ṣùgbọ́n àkọsílẹ̀ kì í tán, bẹ́ẹ̀ ni kò nílò òtútù kí ó tó kọjá òkun. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèǹgbè: kí ìjọba ìpínlẹ̀ àti àwọn ọlọ́lá ilẹ̀ Ìbọ̀lọ́ fi iná oòrùn àti ẹ̀rọ amóhun-dì sí àwọn yàrá àyẹ̀wò ilé-ẹ̀kọ́ gíga wa ní Ọ̀fà àti ní Ìlọrin, kí àwọn olùkọ́ fi ìdánwò márùn-ún tí mo kà sílẹ̀ yìí sínú ẹ̀kọ́ ọdún àkọ́kọ́, kí ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ sì jẹ́ olóòótọ́ débi pé bí áńtíbọ́dì tí ẹ fi owó ńlá rà bá kùnà ìdánwò, ẹ ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó kùnà, ẹ ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde kí ẹlòmíràn má baà kó sí i. Ẹni tí ó bá ṣe èyí ti ṣe ìmọ̀ ní oore tí ó ju ti ẹni tí ó kọ ìwé mẹ́wàá lórí ẹ̀rí tí kò dán wò.

Ẹ̀yin ará Òjòkú, Elédùmarè yóò jẹ́ kí ọmọ yín gbọ́n jù wá lọ, yóò sì fún wọn ní ohun èlò tí wọn yóò fi ọgbọ́n náà ṣiṣẹ́ níhìn-ín. Àṣẹ.